Ẹni Tí Ó Fi Ara Rẹ̀ Ṣe Olùkọ́

Oríṣìíríṣìí ọ̀nà ni ọmọ ènìyàn ń gbà kọ́ iṣẹ́. Ẹlòmíràn a lọ sí ilé ìwé, ẹlòmíràn a sì lọ sábẹ́ ọ̀gá. A máa ru ẹrù ọ̀gá, a máa gbá ilẹ̀ ìsọ̀, títí di ọjọ́ tí wọn yóò ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò rí ilé ìwé tí ó ń kọ́ni ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, tí kò sì rí ọ̀gá tí yóò gbà á sọ́dọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe olùkọ́. Ọ̀nà kẹta yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Lójú ọ̀pọ̀ nínú yín, òun ni ó rọrùn jù lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá yín wí bí ẹ bá pẹ́ dé, kò sì sí ẹni tí yóò bi yín ní ìbéèrè nígbà tí ọdún bá parí. Ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí ìdí yìí gan-an ni ó fi le jù lọ.

Mowe ni mo ń gbé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní agbègbè yìí, mo sì máa ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa ní ọjọ́ ìsinmi. Òpópónà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí ìjọba ṣí ní ọdún 1978, ni ó la ilẹ̀ wa kọjá. Nígbà tí owó ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n ní Èkó, àwọn ènìyàn ń ṣí wá sí Ìbàfọ̀ àti Mowe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà Agége lọ sí Ìfọ̀. Bàbá a jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó tó lè bá ọkọ̀ Èkó lọ, òru ni yóò sì tó padà dé. Àwọn ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́. Lónìí, bí ẹ bá rìn ní àdúgbò wa nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìlù kan lábẹ́ ariwo náà, tí ó ń lù tí kò sì dáwọ́ dúró. Ọ̀dọ́ kan ni ó jókòó nínú yàrá kékeré níwájú kọ̀ǹpútà, tí ó ń to ìró orin pọ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ pùrodúsà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí a lè fi ìka tọ́ka sí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ti ń ṣe orin Yorùbá fún ìjọ láti ìgbà pípẹ́, kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ìlú London ni ó ti kọ wọ́n, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹ rò ó wò: kí ohùn ọmọ Ẹ̀gbá tó lè wọ inú àwo, ó di dandan kí ó la òkun kọjá.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wá sí Èkó, ọ̀nà sì kúrú díẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀ mọ̀ pé ìlú yín ni ojú irin àtijọ́ ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, èkejì sì yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò. Ìdógò ní òpin ojú irin yẹn ni ìlú Ebenezer Obey, ẹni tí a bí ní ọdún 1942. Kò ti ibẹ̀ bọ́ sínú àwo lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó lọ sí Èkó, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fatai Rolling Dollar, ó wo bí àgbà ti ń ṣe é, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ Decca ni ó ni ẹ̀rọ, àwọn ni ó sì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí Haruna Ishọla àti I. K. Dairo fi fi orí kó orí ní ọdún 1969, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ kí olórin lè jẹ́ olówó iṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1979, Haruna Ishọla kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba ìró 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun ìyanu gbáà ni a sì kà á sí nígbà náà.

Lónìí, kọ̀ǹpútà tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá, tí a rà ní àlòkù, lè gba ìró tí ó ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1997 ni ilé iṣẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí a wá mọ̀ sí FL Studio, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti sọ ọ́ di ìlù àti gìtá wọn. Ilẹ̀kùn tí ó wà ní títì fún àwọn bàbá wa ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ilé alágbẹ̀dẹ sílẹ̀ ní òru, ṣé gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni yóò jáde pẹ̀lú àdá tí ó mú?

Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Etí ènìyàn a máa gbọ́ ìró tí ó ń gbọ̀n tó ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí yóò gba ohùn sílẹ̀ fún àwo onídígí tí a mọ̀ sí CD a máa wọn ohùn náà nígbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, nítorí pé ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ìró tí ó tínrín jù lọ. Ohun tí ó bá wà nínú yàrá ni ẹ̀rọ yóò gbà, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe ariwo tírélà tí ó ń kọjá lójú títì. Bí ògiri bá wà ní ìhòòhò, ohùn yóò kọlù ú, yóò sì padà wá bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ àti aṣọ ìbora bo ògiri. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó ń to orin gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìlù yóò gbé dúró kí ohùn lè kọjá, kí ó mọ iye ìgbà tí ìlù yóò dún ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Irinṣẹ́ ni.

Nínú gbogbo àwọn tí ó gba ọ̀nà yìí láyé òde òní, n kò rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ tó ti Temiladé Ọ̀pẹ́níyì, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tems. Ìlú Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1995. Ó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀ ní kékeré, ìyá rẹ̀ sì mú un padà wá sílé. Ní ilé ìwé girama, olùkọ́ orin kan rí ohun tí ó wà lára ọmọ náà, ó sì kọ́ ọ ní dùùrù. Lẹ́yìn náà, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ South Africa, ó sì padà wá sí Èkó, ó rí iṣẹ́ ìpolówó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Orin wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bá a to ìró tí ó ń gbọ́ nínú ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, orin rẹ̀ kò sì jọ èyí tí àwọn ènìyàn ń jó sí nígbà náà. Kí ni ọ̀dọ́ ìwòyí ìbá ṣe? Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa sọ fún gbogbo ayé pé a kò fẹ́ràn òun. Ẹlòmíràn ìbá yí ohùn rẹ̀ padà kí ó lè jọ ti ẹni tí ó ń lókìkí. Tems kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó lọ sórí YouTube, níbi tí àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì kọ́ bí a ti ń to orin. Ní ọdún 2018 ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó sì gbé orin kan jáde tí ó pè ní “Mr Rebel”. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó kọrin rẹ̀, òun náà ni ó to ìró rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, ayé gbogbo ni ó rí i. Ní ọdún 2019, orin rẹ̀ “Try Me” mú kí orúkọ rẹ̀ kàn kárí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2020, ó gbé àkójọ orin kan jáde, ó sì kọrin pẹ̀lú Wizkid nínú “Essence”. Ní ọdún 2021, orin yìí dé ipò kẹsàn-án nínú 100 orin tí ó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2023, ó gba ẹ̀bùn Grammy nítorí orin tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ pẹ̀lú Future àti Drake. Ní ọdún 2024, ó gbé odidi àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó to orin inú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ó tún gba ẹ̀bùn Grammy fún “Love Me JeJe”.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ibi ẹ̀bùn yìí ni ojú yín ti tàn. Ẹ gbà mí láyè kí n fa ojú yín padà sí ibi tí kò dán. Ẹ wo wákàtí tí ọmọbìnrin yìí fi jókòó, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó tẹ bọ́tìnì tí kò dún bí ó ti fẹ́, tí ó pa á rẹ́, tí ó tún un ṣe. Wákàtí wọ̀nyí kò ní ẹ̀bùn, kò sì ní pàtẹ́wọ́. Nínú wọn ni a gbé dá olórin.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ilé. Ní àìpẹ́ yìí, ìyá kan ní àdúgbò wa tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ iná, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Òun jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ní orin ni òun ń ṣe. N kò mọ̀ bóyá orin ni lóòótọ́, tàbí jìbìtì tí àwọn ọmọ ayé òde òní ń ṣe.” Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ẹ̀rù tí ń ba obìnrin yìí, ẹ̀rù ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni ní Mowe, ní Ìbàfọ̀ àti ní Ìfọ̀. Kọ̀ǹpútà kan náà ni a fi ń ṣe orin, òun náà ni a sì fi ń ja àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lólè. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò lè mọ èyí tí ó ń lọ nínú yàrá.

Mo lọ bá ọmọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé àga fún mi. N kò bá a jà, n kò sì yìn ín. Mo ní, “Fi orin tí o ṣe ní ọdún tó kọjá hàn mí.” Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Fi èyí tí o ṣe ní oṣù yìí hàn mí.” Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni mo wí pé, “Ó dára. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì fún mi.” Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní nínú ti àkọ́kọ́, òun jẹ́ kí ìlù bo ohùn mọ́lẹ̀, nítorí pé òun rò pé orin tí ó bá pariwo ni ó dára. Ó ní òun kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ó yẹ kí òun fi àyè sílẹ̀. Bí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi balẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí ó lè sọ àbùkù iṣẹ́ àná rẹ̀ láìjẹ́ pé a nà án ti ní olùkọ́ nínú ilé.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò mọ̀. Nínú orin tuntun náà, ó ń kọrin nípa ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń roko. Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ yẹ kí ó gòkè ni ohùn orin rẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ́ bàbá rẹ̀ wá di ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Mo bi í pé, “Ìgbà wo ni bàbá rẹ ra ọkọ̀?” Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì. Mo sọ fún un pé èdè wa fúnra rẹ̀ ti jẹ́ orin kí a tó fi ìlù sí i, àti pé ìṣòro yìí kan náà ni àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó kò rí ojútùú rẹ̀, títí àwọn bí Àlùfáà Ransome-Kuti fi dìde, tí wọ́n jẹ́ kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ òkèèrè tí yóò sọ èyí fún un. Àgbà ilé ni yóò sọ ọ́.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ìyá náà kò le. Mo ní kí ó fún ọmọ rẹ̀ ní àyè, ṣùgbọ́n kí àyè náà ní ààlà. Mo ní kí ọmọ náà wá iṣẹ́ kan tí yóò máa ṣe ní ọ̀sán, tí yóò fi máa ra epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó máa pe ìyá rẹ̀ wọ inú yàrá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ó ṣe. Iṣẹ́ tí a kò lè fi han ìyá ẹni, kò yẹ kí a máa ṣe é. Ọmọ náà gbà. Ó ń ran ẹni tí ó ń tún tẹlifóònù ṣe lọ́wọ́ ní ọ̀sán báyìí. Ní alẹ́ a máa ṣe orin, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ méjì sì ti sanwó fún un kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ti kọ orin tirẹ̀ kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò tíì lókìkí ní ibì kan. Ìyá rẹ̀ mọ gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a wá kó ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí jọ. Èkíní ni pé ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ kò dá nìkan kọ́ ara rẹ̀. Olùkọ́ kan ni ó fi ìka Tems lé orí dùùrù. Àwọn àjèjì tí kò mọ̀ ni ó fi ẹ̀kọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. “Love Me JeJe” tí ó fi gba ẹ̀bùn pàápàá, ara orin tí Ṣèyí Ṣódìímú gbé jáde ní ọdún 1997 ni ó ti bù mú, orúkọ orin àtijọ́ náà ni ó sì fi pe tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fọ́nnu pé kò sí ẹni tí ó kọ́ òun, aláìmoore ni. Àgbẹ̀ tí ó dá oko nìkan kò dá òjò.

Èkejì ni pé ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe olùkọ́ gbọ́dọ̀ le sí ara rẹ̀ ju bí olùkọ́ mìíràn ìbá ti le sí i lọ. Bí ó bá pẹ́ dé, òun ni yóò bá ara rẹ̀ wí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dára, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ orin ara rẹ̀ kìkì láti gbádùn rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ó bá ń gbọ́ ọ láti wá àṣìṣe inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó rọrùn púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti gé ohùn olóhùn kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ní òfin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo orin ẹni tí ó ṣe é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kí a tó fi ọwọ́ kan orin ẹlòmíràn, kí a tọrọ rẹ̀, kí a san ohun tí ó tọ́, kí a sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó ń jí ìró lónìí yóò sunkún lọ́la nígbà tí wọ́n bá jí tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá kọ́ ara rẹ̀ ni yóò di Tems. N kò ní tàn yín jẹ. Nínú gbogbo ìlù tí ń dún ní òru ní àgbègbè wa, díẹ̀ ni yóò kọjá Bẹ́gà, tí yóò dé Èkó; ìwọ̀nba ni yóò sì la òkun kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé òkìkí nìkan ni ẹ ń wá, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí òkìkí bá pẹ́ kí ó tó dé ni jìbìtì yóò bẹ̀rẹ̀ sí dùn lójú yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà ni ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ kò lè pàdánù. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa yóò rí iṣẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé iṣẹ́ rédíò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré sinimá, àti lọ́dọ̀ oníṣòwò tí ó fẹ́ polówó ọjà rẹ̀. Sùúrù àti etí tí ó fi kọ́ ara rẹ̀ yóò sì bá a lọ sí ibikíbi. Ìmọ̀ tí a fi òógùn kó jọ kì í jóná, olè kì í sì í jí i.

Ní ọdún 2025, Tems dá ètò kan sílẹ̀ tí ó pè ní Leading Vibe Initiative, láti ran àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ orin lọ́wọ́, àwọn akọrin àti àwọn tí ń to orin pẹ̀lú. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Òun tí kò rí ẹni tí yóò bá a to ìró tirẹ̀ ni ó ń wá àwọn tí yóò kọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe olùkọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ilé ìwé bá wà fún ohun tí ẹ fẹ́, ẹ lọ síbẹ̀. Bí ọ̀gá bá wà, ẹ sìn ín. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ má ṣe jókòó sẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ máa ráhùn. Ẹ fi ara yín ṣe olùkọ́, kí ẹ sì jẹ́ olùkọ́ tí ó tètè ń jí, tí kì í purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá sì mọ iṣẹ́ náà tán, ẹ bojú wẹ̀yìn wo ọmọ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ pè é wọlé.